Ọyẹ́ Oṣù Kẹjọ Tó Pa Tíṣà Adérìnsọ́lá

Tíṣà Adérìnsọ́lá Ògúnlàdé kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ ọdún yìí, 1981, ní ọsibítù kan níhìn-ín ní Jọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ti ń rọ̀, ọ̀nà Tudun Wada ti di ẹrẹ̀, agbòjò la fi bo òkú títí tí a fi gbé e dénú ọkọ̀. Nígbà tí Abísọ́lá ọmọ rẹ̀ gba ìwé ikú lọ́wọ́ akọ̀wé, ó kà á, ó sì nà án sí mi. Níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ ohun tó pa olóògbé sí, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ní èdè wa ni ikọ́ ọyẹ́.

Kí ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Jọ́ọ̀sì rí lè mọ ohun tí mò ń wí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọyẹ́ ìlú yìí mú. Ó máa ń dé lóṣù kọkànlá, á gbẹ ètè, á gbẹ imú, á da eruku pupa sórí gbogbo nǹkan, àwọn Hausa á ní hunturu ti dé. Bó bá pẹ́ títí, oṣù kẹta ló ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lóṣù kẹjọ, òjò ló wà nílẹ̀ yìí, òjò àti òtútù. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irú akọ̀wé wo ló wá fi bíírò kọ ọyẹ́ sínú ìwé ikú obìnrin tí a fi agbòjò gbé jáde?

Mo bi í. Mo ní, "Ọ̀gá, ọyẹ́ wo ló ń fẹ́ nínú òjò yìí?" Ó wo òjò lójú fèrèsé, ó tún wò mí. Ó ní, "Baba, bí mo ṣe bá a nínú fáìlì ni mo ṣe kọ ọ́. A yi haƙuri." Sùúrù ló ní kí n ṣe. Sùúrù náà ni Adérìnsọ́lá ṣe fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Ta ni obìnrin yìí? Ọmọ Ìkòlé-Èkìtì ni. Ọdún 1962 ló bá ọkọ rẹ̀ wá sí òkè yìí, nígbà tí wọ́n gbé ọkọ náà wá síbí láti máa tún wáyà tẹlifóònù ṣe. Ọkọ kú, àwọn ẹbí ní kó máa bọ̀ nílé, ó ní ta ni kí òun fi kíláàsì òun sílẹ̀ fún. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Tudun Wada ló ti ń kọ́ wọn, kíláàsì kẹrin. Òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ ilé: aṣọ fífọ̀, aṣọ rírán, bí a ṣe ń tọ́jú ibi tí à ń gbé. Ọmọ Bẹ̀rọ̀m, ọmọ Hausa, ọmọ Íbò, àti àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n bí síbí, tí wọn ò mọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú Yorùbá, gbogbo wọn ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lááwàlì ọmọ mi wà nínú wọn. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi, tó pè mí ní "bàbá mi" dípò "babana", mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Èmi Sàláúdéènì, ará Ìlọrin, aṣọ ni mò ń tà nítòsí ọjà Terminus kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yìí, mo ṣì ń tà á títí dòní. Àdúgbò Àpáta tó wà nítòsí wa ni Adérìnsọ́lá ń gbé, kò sì sí oṣù tí kì í yà lọ́dọ̀ mi. Kalikó funfun ló máa ń rà. Á gba ọ̀pá ìwọnṣọ lọ́wọ́ mi, á fi wọn apá ara rẹ̀, á ní, "Bàbá Lááwàlì, ọ̀pá yín ló kúrú, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ ń kúrú sí i?" Èmi náà á ní kí ó lọ rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ga. Kì í lọ. Á jókòó sórí àpótí, á mu omi, á sọ fún mi ọmọ tó mọ ìṣirò àti èyí tó jí búrẹ́dì ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ. Ohùn rẹ̀ dùn nígbà yẹn. Bó bá pe ọmọ ní ìta ilé ìwé, wọ́n ń gbọ́ ọ dé títì.

Lọ́dún 1977 ni wọ́n ṣí gáréèjì ọkọ̀ akẹ́rù sẹ́yìn ilé ìwé náà. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ lè má mọ èyí: ní Jọ́ọ̀sì, lọ́rì ń yáná. Òtútù ibí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àwọn dírẹ́bà á ti iná bọ táyà tó ti gbó, wọ́n á tì í sábẹ́ ọkọ̀ kí ìdí ẹ́ńjìnnì lè gbóná. Bó bá sì ti jí, wọn ò ní pa á. Wọ́n á jẹ́ kó máa kùn fún wákàtí kan, wákàtí méjì, kó má baà tún sùn. Ogún ọkọ̀, nígbà mìíràn ọgbọ̀n. Àti ìgbà ọyẹ́, àti ìgbà òjò. Èéfín dúdú á fò kọjá ògiri ní déédéé àkókò tí àwọn ọmọ bá to ìlà, tí wọ́n la ẹnu láti kọrin àárọ̀.

Aṣọ ló kọ́kọ́ mú Adérìnsọ́lá fura. Àwọn ọmọbìnrin fọ aṣọ funfun lẹ́nu ẹ̀kọ́, wọ́n sá a, kó tó gbẹ ó ti pọ́n, ó ti dúdú. Ó bá àwọn ọmọ wí pé wọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì ó fọ ọ́ fúnra rẹ̀, nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní ọyẹ́ ni. Àwọn òbí ní ọyẹ́ ni. Gbogbo àwa Yorùbá tí a wà nílùú yìí, ohunkóhun tó bá ti ojú sánmà bọ́ tí kì í ṣe òjò, ọyẹ́ la ń pè é. Òtútù mú wa, ọyẹ́. Ọmọ wúkọ́, ọyẹ́. Ojú ta wá, ọyẹ́ náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pa gbogbo ìbéèrè lẹ́nu mọ́.

Òun nìkan ni kò gbà. Ó ń gé kalikó tó rà lọ́wọ́ mi ní ẹ̀là, ó ń sá ọ̀kan lóṣooṣù sórí okùn nínú ọgbà ilé ìwé, á ká a, á fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ sí etí rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, mo jókòó, mo sì kọ ọ́ sójú ewé yìí kan náà, pé olùkọ́ kan wà ní Jọ́ọ̀sì tó ń sá aṣọ fún ọyẹ́ kó wá wọ̀, pé bí ọyẹ́ bá dé, kí ẹ bá a sọ fún un pé olùkọ́ náà ń bínú sí i. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà láti kí mi. N kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀?

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yẹn. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Mo ka ìwé yín, Bàbá Lááwàlì. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, àwọn tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ta aṣọ yìí fún mi, ẹ ò tilẹ̀ ní kí n fi hàn yín."

Ó wá tú ẹ̀là aṣọ méjì sórí káńtà. Ó ní, "Èyí, ẹ̀yìn ilé mi ní Àpáta ni mo sá a sí lóṣù yìí. Ẹ gbọ̀n ọ́n." Mo gbọ̀n ọ́n, eruku pupa dà sílẹ̀, aṣọ mọ́. "Ọyẹ́ nìyẹn. Èyí ni ti ilé ìwé, oṣù keje èṣí, nínú òjò. Ẹ gbọn òun náà." Mo gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan tó jábọ́. "Ẹ fi àtàǹpàkò nù ún." Mo nù ún, ó fà kálẹ̀, ó dúdú, ó ní ọ̀rá nínú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó fi ọṣẹ àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọyẹ́ máa ń gbọ̀n dànù. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ báyìí, kí lẹ rò pé ó ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ?"

Mo ṣèlérí fún un pé màá tún un kọ. Ṣé mo kọ ọ́? Mo kọ nípa ìdìbò. Mo kọ nípa aṣọ tó ń wọ́n. Mo kọ odindi ewé kan nípa ewúrẹ́ aládùúgbò mi tó jẹ gèlè. Ojú tì mí láti sọ fún àwọn tó bá mi rẹ́rìn-ín pé èmi ni òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń lọ. Ó ń yà lọ́dọ̀ mi síbẹ̀, kò sì mẹ́nu kan ìlérí yẹn fún mi rí.

Kò dúró dè mí. Ó kó àwọn aṣọ náà lọ sí Bauchi Road, ó wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínwọlé rí ní yunifásítì tó wà níbẹ̀, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sáyẹ́ǹsì. Akínwọlé fi awò tó ń sọ ohun kíkéré di ńlá wò ó. Ó ní, "Màámi, kábọ́ọ̀nù ni. Ohun tó wà nínú èédú, tó wà nídìí ìkòkò yín, òun náà ni. Bí iná bá jó dísẹ́ẹ̀lì tàbí táyà tàbí igi, tí kò jó o tán, èyí tó ṣẹ́ kù ló ń fò káàkiri yẹn. Ó kéré débi pé irun imú ò lè dá a dúró. Tó bá wọlé, kì í jáde." Ó tún sọ fún un pé lọ́rì nìkan kọ́ ló ń ṣe é: igi ìdáná gbogbo ilé wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, igbó tí wọ́n ń jó lórí òkè wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Adérìnsọ́lá pa iná igi nílé rẹ̀, ó ra sítóòfù. Ó ní òun ò lè máa fi ọwọ́ tọ́ka sí èéfín ẹlòmíràn kí tòun náà máa rú.

Ó lọ bá Samson, olórí àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì. Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì ìmọ́tótó ìlú, tí gáréèjì náà wà lábẹ́ yín, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé àwọn dírẹ́bà kì í gbọ́ràn. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bi Samson fúnra mi. Ó ń wúkọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn. Ó ní, "Baba, nínú gbogbo Jọ́ọ̀sì, Tíṣà nìkan ló wá bá wa sọ ọ́. Ó gbé tíì gbígbóná wá fún wa. Ó ní kí a jọ̀ọ́, kí a kó iná lọ sí ìpẹ̀kun kejì, lọ́nà jíjìn sí ògiri. Wallahi, a kó o lọ." Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kó o lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn nìkan ni aṣọ Adérìnsọ́lá fi funfun. Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì yín gé ìpẹ̀kun kejì gáréèjì náà fún ẹnìkan láti fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, àwọn lọ́rì sì padà sẹ́yìn kíláàsì kẹrin. Ta ló fọwọ́ sí i? Ṣé kò rí ilé ìwé nínú máàpù ni, àbí ó rí i?

Lẹ́tà méje ló kọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìmọ́tótó ìlú yìí. Ó fi ẹ̀là aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àti ìwé tí Akínwọlé kọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dá a lóhùn, ìlà méjì: wọ́n ti rí lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kò sì sí lábẹ́ àṣẹ ọ́fíìsì àwọn. Ẹ kò rí i bí, ọ́fíìsì tó mọ ààlà ara rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run débi pé wọn ò fẹ́ dá sí iṣẹ́ Rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Adérìnsọ́lá fúnra rẹ̀ ń yọ́ lọ. Ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978 kò lọ mọ́. Ó ń lọ sí ọsibítù, wọ́n ń fún un ní omi ikọ́, wọ́n ń kọ ọyẹ́. Ó sọ fún dókítà nípa táyà, dókítà ní kó máa wọ súẹ́tà. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń jókòó kọ́ àwọn ọmọ, ọmọ kan ló ń bá a kọ nǹkan sójú pátákó. Láti ọ̀nà dé ilé rẹ̀ ní Àpáta kò ju òkè kékeré kan lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń sinmi kó tó gùn ún tán. Ohùn tí wọ́n ń gbọ́ dé títì yẹn di èyí tí mo ní láti tẹ orí síwájú kí n tó gbọ́ lórí káńtà. Mo ní kó lọ sílé ní Ìkòlé kó lọ sinmi. Ó ní, "Kí n kó àwọn ọmọ méjìlélógójì lọ síbo, Bàbá Lááwàlì? Ìdí ògiri yẹn ni àwọn náà ń jókòó sí." Mo bá a gbé àpò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn tó wá kí wa lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ni, pé kò sẹ́ni tó ń kọjá ọjọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, mo gba kádàrá gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kádàrá kì í ti iná bọ táyà. Kádàrá kì í fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Ènìyàn tó ní orúkọ, tó ní àga, tó ní bíírò lápò ló ṣe é, ó sì wà níbi iṣẹ́ lónìí.

Nínú oṣù kẹsàn-án, èmi àti Abísọ́lá lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Ohun kan ṣoṣo la bá lọ: kí wọ́n bá wa kọ̀wé sí ọsibítù pé èéfín wà níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè tún ìwé ikú náà kọ. Kì í ṣe tìtorí òkú. Akínwọlé ló sọ fún wa pé bí ìwé bá ti ń pè é ní ọyẹ́, kò sẹ́ni tó máa kó gáréèjì kúrò nídìí àwọn ọmọ yẹn láé. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò jẹ́ ọmọlúàbí, ó fún wa ní àga. Ó gbé fáìlì rẹ̀ jáde. Lẹ́tà méje wà níbẹ̀, ẹ̀là aṣọ méje wà níbẹ̀, wọn ò tú wọn rí, wọ́n ṣì wà bó ṣe ká wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lókè gbogbo wọn, tí wọ́n fi pín-ìnnì há mọ́ èyí tó kù. Wọ́n gé e nínú ìwé ìròyìn, wọ́n fi íǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan sì ti tú u sí òyìnbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn ọ̀gá tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á.

Ọ̀gá náà tẹ ìka mọ́ ọn. Ó ní, "Baba, ṣé orúkọ yín kọ́ nìyí? Ẹ̀yin ará rẹ̀, tí ẹ mọ̀ ọ́n, lẹ sọ fún wa pé ọyẹ́ lobìnrin náà ń bá jà. Kí la tún fẹ́ máa wádìí?"

Abísọ́lá kò wò mí. Ó dìde, ó kí ọ̀gá náà, ó jáde. Ìta ni mo bá a, ó dúró sínú òjò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà." Láti ìgbà tí mo ti mọ ọmọ yẹn, Bàbá Lááwàlì ló ń pè mí. Láti ọjọ́ náà, sà ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbi tí mo ti parọ́. Èmi Sàláúdéènì, n kò yẹ aṣọ kan wò kí n tó kọ ohun tí mo kọ lọ́dún 1980. Kì í ṣe ọyẹ́. Èéfín ni, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ mọ sísọ́ọ̀sì lò dáadáa ní ọ́fíìsì yẹn, ẹ gé èyí náà, kí ẹ há a mọ́ ibi tí ti àkọ́kọ́ wà. Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó gba lọ́rì láàyè sí ẹ̀yìn ògiri ilé ìwé, àti orúkọ ẹni tó fi ìpẹ̀kun kejì tọrẹ. Mo fẹ́ kí ọsibítù yẹn tún ìwé kan ṣoṣo kọ. N kò retí pé ẹ ó ṣe é. Mo ti jókòó sórí àga yín, mo mọ bó ṣe rọ̀.

Olùkọ́ tuntun ti wà ní kíláàsì kẹrin. Fúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ará Oǹdó, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo ṣe ń ká aṣọ fún un ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi. Ó ní àwọn tí òun bá nílé ìwé ti sọ fún òun pé ọyẹ́ ìlú yìí ni, pé ara òun á mọ́ ọn tó bá yá. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ọdún mélòó ló ń gbà kó tó mọ́ni lára?" Mo mọ iye ọdún tó gbà fún ẹni tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. N kò lè sọ ọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ lójú. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ rán ọ̀kan nínú yín wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí ọjọ́ náà tó pé, kó wá dá a lóhùn.